Eku Tí Ìyá Eku Dá Sí

"Mo ní kí o gbé kéèjì yẹn sílẹ̀, àbí etí rẹ ti di ni?"

Ohùn Ọ̀gá gba gbogbo yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ẹran ìwádìí sí. Àwọn eku funfun tó ń jẹun lọ́wọ́ dáwọ́ dúró, wọ́n na imú sókè.

"Etí mi ò di, Ọ̀gá. Ẹ máa la àwọn yòókù. Èyí ò lọ síbì kankan."

Ìyá Eku ló fèsì bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ mọ́ kéèjì náà, àgò onírin tí eku kan wà nínú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọmọ gbà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Eku, torí òun ló ń bọ́ àwọn eku náà, òun ló ń pààrọ̀ èérún igi tí wọ́n ń sùn lé, ó sì mọ ìtàn ìdílé wọn ju ti àwọn àna rẹ̀ lọ. Òun náà a máa jẹ́ orúkọ náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dé inú, nítorí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, "ìyá" kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tíì pè é nìyẹn.

Ọ̀gá bi í pé ta gan-an ló ni iṣẹ́ ìwádìí yìí. Ìyá Eku ní Ọ̀gá ló ni ín, kò sẹ́ni tó bá wọn dupò. Ara eku yìí ni kò yá, ẹran aláìsàn a sì máa ba èsì jẹ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú kéèjì. Etí-Gígé, tí èkejì rẹ̀ kan ti bù létí jẹ nígbà tó kéré, jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń nu ojú, ara rẹ̀ ń dán bíi ti ìyàwó tuntun.

"Àìsàn wo ló ń ṣe é? Àìsàn àjẹyó?"

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á fi abo sọ́dọ̀ akọ mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, Ìyá Eku á fa ẹ̀kán omi kan lára abo, á fi sábẹ́ maikirosíkópù. Bó bá rí àtọ̀ níbẹ̀, ó di kí wọ́n máa ka oyún nìyẹn, láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n á sì ti máa fún un ní oògùn tí Ọ̀gá ń dán wò. Wọn ò fi họ́mónù, omi ara tó ń tún ilé ọmọ ṣe de oyún, po oògùn yìí bíi ti àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn, síbẹ̀ ó mọ bí a ti í lọ gba àga tí omi ọ̀hún ìbá jókòó sí nínú ilé ọmọ, kí omi náà má ríṣẹ́ ṣe. Ẹyin á ti gba àtọ̀, á rìn títí á fi dé ilé ọmọ, bí àlejò tó ti ránṣẹ́ ṣáájú. Á bá ilé láìtẹ́ ẹní, kò ní ríbi jókòó, á ṣàn lọ. Bí wọ́n bá wá la ẹran wò, ilé ọmọ èyí tí wọ́n fún ní òróró lásán, kí wọ́n lè fi wé èyí tó mu oògùn, á ní kókó-kókó oyún, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn. Ti èyí tó mu oògùn á dán bọ̀rọ́.

Àwọ̀ kan náà ni òróró àti oògùn ní, òórùn kan náà ni wọ́n ń rùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so òwú pupa mọ́ ọrùn ìgò oògùn, tí wọ́n ń so funfun mọ́ ti òróró, kéèjì kọ̀ọ̀kan náà sì ní òwú tirẹ̀. Pupa ló wà lára kéèjì Etí-Gígé.

Ìyá ọkọ Ìyá Eku ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni màmá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, pé obìnrin tó ń ti ilẹ̀kùn ilé ọmọ ẹlòmíràn láràárọ̀, ta ló fẹ́ bá a ṣí tirẹ̀? Ìyá Eku fèsì lójú ẹsẹ̀ pé eku kì í ṣe ẹlòmíràn, àfi tí màmá bá ní ẹbí níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi há a lọ́fun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá ti wọlé, kò sì jáde mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi kún dẹ́ńdẹ́. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé, ó rí ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó fi í wọ àtàǹpàkò, ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ẹni tó ń tajà bi í pé oṣù mélòó ni ọmọ náà wà. Ó ní kò tíì dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni oògùn kan Etí-Gígé. Ọwọ́ Ìyá Eku kọ̀. Ó di eku náà mú láyà, ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù kìkìkì, ló bá bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú: bí òun bá fi ilẹ̀kùn eléyìí sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí Ó má ti tòun. Ó gbé ìgò olówùú pupa sílẹ̀, ó mú ti funfun. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe láràárọ̀ títí ó fi parí. Òní ni ọjọ́ líla, Etí-Gígé ni yóò sì ṣíwájú.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí kéèjì. Ìyá Eku, tí kì í bẹ èèyàn, kúnlẹ̀ tòun ti kéèjì lórí itan.

"Mi ò fún un lóògùn, Ọ̀gá."

"Kí lo fún un?"

"Òróró. Ìgò olówùú funfun ni mo lò. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó dà bíi pé ó ti ń le. Ẹ jẹ́ kó bímọ tán, kí ẹ wá lé mi lọ. Èmi náà ń retí ni. Mo ti fi tirẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún tèmi."

Ọ̀gá bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fa àga, ó jókòó. Ó wo ọwọ́ Ìyá Eku kan tó wà lórí kéèjì, ó wo èkejì tó ti rá pálá dé ikùn ara rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

"Ta ló sọ fún ẹ pé òróró ló wà nínú ti funfun?"

"Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń fún ẹran, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣojúsàájú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ fún ẹ. Mo pààrọ̀ òwú ọrùn ìgò méjèèjì kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn ló wà nínú funfun."