Òkun Tí Ọláníran Ń Ṣọ́

Monílọ́lá ti apá bọ inú òkìtì kòkó tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbóná dáadáa. Lọ́la ni yóò yí i kó lè kan dọ́gba. Kò tíì fa apá yọ tí Zachariah, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi dá alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì dání.

"Ìyàwó wa, ohùn ọmọ yín dé láti Amẹ́ríkà! Òrè ni wọ́n ti fi rán mi."

Láti oṣù kẹfà ni òkú ọkọ Monílọ́lá ti wà ní ilé ìgbókùúsí ní Oǹdó. Ẹbí fẹ́ sin ín. Monílọ́lá ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró de Ọláníran, àkọ́bí rẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Zachariah tẹ ẹ̀rọ.

"Màmá, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n wá. Sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè, la fi ń wo bí òkun ṣe gbóná tó. Lọ́dún tó bá gbóná jù, ìjì tó ń wó ìlú á pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, apá ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń gbéra. Òkun gbóná lọ́dún yìí. Wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni láàyè títí oṣù kọkànlá á fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dídùn nípa bàbá rẹ̀: òpó ilé, ìmọ́lẹ̀ ẹbí. Monílọ́lá ní kí Zachariah pa á. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í gbé òkú wọlẹ̀.

Zachariah bú sẹ́rìn-ín. "Òkun gbóná! Ta ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́? Àṣé omi ni Níran lọ ń ṣọ́ lókè òkun!"

"Ẹ yé rẹ́rìn-ín, ọkọ mi. Ohun tó bá ń gbóná nínú, nǹkan ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ kì í fi í sílẹ̀."

Ó gba ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún. Òkun tó gbóná lọ́dún yìí lè gbóná lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

Zachariah wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. "Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje."

Oṣù kẹsàn-án ti dé ìdajì. Bóyá ìjì náà ti jà, ó ti lọ.

"Ẹ sọ fún ẹbí kí wọ́n mú Sátidé tó ń bọ̀ fún ìsìnkú."

"Ẹ ò dúró mọ́?"

"Mo ti dúró tó."

Zachariah ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì, ó fi bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀ láti gba ohùn sílẹ̀ hàn án, ó sì kọrí sí ilé ẹbí ní Odígbó.

Monílọ́lá tẹ̀ ẹ́. "Níran, mo gbọ́. Sátidé la ó sin bàbá ẹ. Má kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ."

Ó ronú ohun tí yóò fi kún un. Ṣé o ti jẹun? Ṣé ara rẹ dá? Kí ohùn òun tó débẹ̀, òkun á ti tutù, koríko á ti hù lórí sàréè.

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Gbogbo ohun tó kù tó fẹ́ bi í, ti òní ni, kò sì ní gbọ́ ọ lónìí.