Ẹnu Yésúfù Kò Mọ̀ Ju "Ara Le" Lọ

Ẹ bá mi wo ọ̀ràn yìí o. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni Nùsírátù fi ń bẹ àwọn tó ń kọ orúkọ ní ilé ìwòsàn kan ní Ifọ̀ kí wọ́n tó fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò rí dókítà ọkàn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà náà ń wá. Bí ọjọ́ yẹn bá lọ lásán, ó di oṣù míì, Nùsírátù ò sì rò pé ọkọ òun ní oṣù míì lọ́wọ́.

Káfíńtà ni Yésúfù, ọmọ Ìkirè tó ti ń gbé Mowe láti bí ọdún mọ́kànlá. Ó ti lé lóṣù méjì tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èémí á fẹ́ já. Pákó kan ṣoṣo tó bá gbé wọ ṣọ́ọ̀bù, á dúró mí hẹlẹhẹlẹ. Láti ọjọ́ tí Nùsírátù ti lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú kàlẹ́ńdà mọ́sáláṣí tó wà lára ògiri, ó ń fi bírò pupa fa igi sí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá fi ìjókòó sùn, kó má baà gbàgbé nǹkan kan níwájú dókítà.

Ṣùgbọ́n Yésúfù yìí ńkọ́? Bí igi bá wó lù ú, tí ẹ bi í pé ṣé àlàáfíà ni, "Alihamudulilahi, ara le" ni yóò fi dáhùn. Bí bàbá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn, pé ọkùnrin kì í ka àìsàn fún ará ìta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wẹ̀, ó para, ó gbé agbádá tó fi kírun Iléyá wọ̀. Ta ló ń múra lọ rí dókítà bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó? Ó tún kìlọ̀ fún Nùsírátù pé kó má dójú ti òun níwájú ọmọdé, torí ó ti gbọ́ pé obìnrin ni dókítà, kò sì tíì dàgbà.

Òótọ́ ni. Dókítà Kòfowórọlá ò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ, èèyàn tó sì ń dúró dè é níta lé ní ogójì. Ó bi Yésúfù bó ṣe ń sùn. Ó ní bí ọmọ tuntun ni. Ó bi í bó bá lè gun àtẹ̀gùn. Ó ní àjà ilé lòun fi ń ṣeré. Nígbà tí dókítà fẹ́ gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, orúnkún ló kàn ń ro òun díẹ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá!

Nùsírátù jókòó tì í, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kàlẹ́ńdà wà nínú báàgì lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àlejò? Torí èrò tó pọ̀ níta, dókítà ò gbọ́ àyà náà mọ́, ó kọ oògùn orúnkún, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì sì ti pe orúkọ ẹlòmíì.

Wọn ò tíì rìn tó ẹsẹ̀ bàtà ogún níta tí Yésúfù fi ọwọ́ ti ògiri. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Ó ní bàtà ló fún òun lẹ́sẹ̀.

Bàtà kẹ̀! Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Nùsírátù yí padà sí yàrá dókítà, nọ́ọ̀sì fà á láṣọ, ó já ara rẹ̀ gbà, ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì, ó sì tẹ́ kàlẹ́ńdà lé fáìlì ẹlòmíì lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ mi parọ́. Kì í lè dùbúlẹ̀ sùn. Ó ń kú lọ lójú mi."

Dókítà ka igi pupa náà níkọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Nígbà yẹn, Yésúfù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, gbogbo àwọn tó jókòó níta sì ti gbọ́. Nùsírátù ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ilé òun ti dàrú lónìí, ṣùgbọ́n kó dàrú kí ọkọ wà láàyè.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni ohun tí màmá kọ síbí?" ni dókítà bi í.

Yésúfù la ẹnu. "Aliha..." Kò parí rẹ̀. Ó wọlé díẹ̀díẹ̀, ó jókòó, ó wo kàlẹ́ńdà náà títí. Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé àwọn ọjọ́ tí kò ní igi.

"Kò pé," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́fà yìí, mo parọ́ fún un pé iṣẹ́ pọ̀, mo sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò fẹ́ kó rí mi bẹ́ẹ̀."

Dókítà ní kó bọ́ agbádá kí òun lè gbọ́ àyà rẹ̀. Kó tó bọ́ ọ tán, Nùsírátù ti mú bírò pupa jáde nínú báàgì. Omi lójú, ó fa igi mẹ́fà tó kù.