Ohùn Bàbá Nínú Yàrà

Ikú bàbá rẹ̀ kò dun Ìtùnú tó ohun tí Adéníran fi ohùn bàbá náà ṣe.

Tíṣà ni àwọn méjèèjì ní iléèwé girama kan ní Ladi-Lak, nílùú Èkó. Wọ́n jọ fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán Erédò Súngbọ́, yàrà jíjìn tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, débi pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé awò VR, awò tó ń múni wọ inú àwòrán, sójú, á rí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ yàrà náà, á máa gbójú sókè wo ògiri tí ewé bò. Ohùn bàbá Ìtùnú, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń ṣàlàyé inú rẹ̀; orí ibùsùn àìsàn tó gbẹ̀yìn ayé bàbá náà ni Ìtùnú ti fi fóònù gbà á sílẹ̀.

Ìgbà tí Ìtùnú ń sin bàbá lọ́wọ́ ni Adéníran pa ohùn náà rẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó fi tirẹ̀ sí i, ó yọ orúkọ Ìtùnú, ó ní òun nìkan lòun ṣe é. Nígbà tí Ìtùnú bi í, ẹ̀rín ló rín.

"Ta ló fẹ́ gbọ́ arúgbó tó ń wúkọ́?"

Látọjọ́ náà ni Ìtùnú ti ń ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ náà, Ìtùnú ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Adéníran kò yí páàsìwọ́ọ̀dù tí wọ́n jọ ń lò padà. Ohùn bàbá tó wà nínú fóònù rẹ̀ ni Ìtùnú dá padà síbẹ̀, kò gé ohunkóhun kúrò.

Màdáàmù Oyèbísí tó ni iléèwé gbé awò sójú. Adéníran tan sípíkà kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ohùn mi lẹ máa gbọ́, mà."

Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà: "Ìtùnú, ṣé o ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ tí ọmọ mi ṣe iṣẹ́ yìí fún, ẹ káàbọ̀ sílẹ̀ wa."

Màdáàmù bọ́ awò. "Adéníran, ta nìyí?"

Ìtùnú dìde.

"Bàbá mi ni, mà. Ibi ìsìnkú wọn ni mo wà tó fi pa ohùn wọn rẹ́."

Ariwo àwọn òbí gba gbogbo ilé. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ní kí Adéníran máa lọ sílé.

Ó sáré bá Ìtùnú lẹ́nu géètì. "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ màdáàmù. Mo lọ́mọ nílé."

"Èmi náà ní bàbá," ni Ìtùnú wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó rò pé àánú Adéníran á ṣe òun tóun bá dé ibùdókọ̀ Onípanu. Kò ṣe é. Ó ra àgbàdo sísun gbígbóná, ó sì jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ̀.