Gáùn Tí Kò Sáyè Ẹ̀rín Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, obìnrin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ sínú àpótí láìgé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti ń ránṣọ jẹun láti ọdún mọ́kànlá, ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán, ó sì ti ní kó fi aṣọ ibùsùn àtijọ́ kọ́wọ́ fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Akọ̀wé fi kọ́wọ́. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ yìí ló sì fẹ́ wọ̀ lọ gbà á, kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ló rán an. Kí ìyá náà tó kú, alaalẹ́ fún ọdún mẹ́rin ló fi ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, lójò lẹ́ẹ̀rùn, títí tó fi máa ti ilé-ẹ̀kọ́ dé.

Rúlà ọ́fíìsì ló fi fa ìlà. Àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlógójì; iye tó gé nìyẹn, kò lé, kò dín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé bá a: gáùn tó ti rán há sí èjìká, apá méjèèjì wà lókè, orí ò sí níta.

"Ta ló ní kó o gbọ́wọ́ sókè? Ṣé ọlọ́pàá ló wọlé ni?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fà á."

"Ínṣì mélòó lo gé?"

"Mẹ́rìndínlógójì. Bí àyà mi ṣe rí gẹ́lẹ́."

"Háà! Ibo wá ni abẹ́rẹ́ máa gbà? Akọ̀wé, ṣé o ò ní mí ni? Àbí o ti kọ̀wé sí afẹ́fẹ́ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́?"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín nínú aṣọ, aṣọ tún fún un sí i. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín! Kò sáyè ẹ̀rín níbí."

"Fara balẹ̀, kí n tú u lójú rírán."

Akọ̀wé ò fara balẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ tipátipá. Aṣọ tí ìyá wọn ti rà sínú àpótí láti ọdún mẹ́tàdínlógún ya láti ọrùn dé ìdí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ ra ojú rírán, ibi kankan ò tú.

"Rírán yìí le o," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹni tó kọ́ ẹ mọṣẹ́."

Búláòsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Akọ̀wé wọ̀ lọ gba ìwé-ẹ̀rí. Yáàdì mẹ́ta ni aṣọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Kò sí òmíràn.