Ìyá Gun Pákó Ìgbókùú

Súbérù fi ìfági fá igi arère náà títí ó fi ń dán, ó gbé e lé èjìká, ó mì í wò. Ó fúyẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kíkàn ni iṣẹ́ rẹ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, lọ́dún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, pákó tí mọ́ṣáláṣí fi ń gbé òkú ló ń kàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù ẹlẹ́ja, ló fà á. Obìnrin tó sanra dáadáa ni. Nígbà tí wọ́n ń gbé orogún rẹ̀ lọ sin, pákó àtijọ́ kán lójú ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kí òkú já bọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ mímu díẹ̀ láàárọ̀ ni oúnjẹ Ìyá, ó parí. Ìbànújẹ́ ni ará ilé pè é. Súbérù nìkan ló sọ òótọ́ fún.

"Mo fẹ́ rù ni. Orogún mi tó rí pẹlẹbẹ bí ẹja gbígbẹ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. Èmi wá ńkọ́?"

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni Ọlọ́run ń gbé sórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe ẹran ara."

"Ti Ọlọ́run kọ́ ni mo ń sọ. Ti àwọn tó máa gbé mi ni."

Súbérù rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè fi í lọ́kàn balẹ̀; ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó fi ìrókò tó lágbára ṣe ọ̀pá méjèèjì, ó tẹ́ arère sáàárín, ó sì fi okùn de oríkèé wọn kí ìṣó má baà dá ru ẹrù.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, tí Sàlàkọ́ wà lára wọn, gbé e dé àgbàlá Ìyá.

"Ìyá, ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀."

"Láàyè mi?"

"Ẹni tó ra ọkọ̀, ṣé kò ní wọ̀ ọ́ wò ni?"

"Àúsù bílláhì!" Fàlílátù, ọmọ Ìyá, figbe ta. "Bọ̀dá Súbérù, ṣé orí yín pé?"

Ṣùgbọ́n Ìyá ti dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e. Igi kò dún. Wọ́n yí àgbàlá ká.

"Sàlàkọ́, ṣé mo wúwo?"

"Apẹ̀rẹ̀ ẹja yín wúwo jù yín lọ!"

"Òpùrọ́!" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omijé fi ṣàn wọ̀ ọ́ létí.

"Ṣé ká sọ yín kalẹ̀?"

"Rárá o! Ẹ tètè máa gbé mi lọ!"

Ni ẹ̀rín bá pa gbogbo wọn. Àwọn àfáà máa ń wàásù pé ohun tí òkú ẹni rere ń wí gan-an nìyẹn, bí wọ́n bá ń gbé e lọ sí sàréè. Ìyá náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó tẹjú mọ́ ojú ọ̀run, ẹ̀rín kò sì kúrò lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ìró ró.

"Fàlílátù, ṣé ìkọ́kọrẹ́ ṣẹ́kù?"

Àwo méjì ló jáde. Orí ẹja wà nínú ti Súbérù. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó rọra ń jẹun, ó ń gbọ́ bí ṣíbí Ìyá ṣe ń họ ìdí àwo. Látàárọ̀ tó ti ń kan ìṣó, ohun ìsìnkú ló rò pé òun ń ṣe.

"Fàlílátù," Ìyá tún pè, "bù sí i."