Wáyà Funfun Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ọjọ́ Àìkú ni, oòrùn ìlú Kyabram sì ń mú ganrínganrín. Noreen Haddow nìkan ló wà nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di tòmátì sínú agolo. Oníṣẹ́ iná mẹ́rin ni wọ́n nígbà kan. Méjì ti bá owó lọ sí ibi ìwakùsà, Clive Lanyon sì ti jókòó sílé láti ọdún méjì. Ó ku Noreen, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, tó ń lẹ ìwé mọ́ ara agolo, àlòkù Amẹ́ríkà ni. Wọ́n fẹ́ kó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ibi tí wàhálà wà nìyí: ní Kyabram, bí Noreen ṣe kọ́ṣẹ́, wáyà dúdú ló ń dá iná padà, òun ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀, kì í gbé ènìyàn, funfun ló ń gbé iná. Àwọn ará Amẹ́ríkà yí i padà pátápátá. Lọ́dọ̀ tiwọn, funfun ni kò léwu, dúdú ló ń pani. Noreen gbọ́dọ̀ lẹ téèpù dúdú mọ́ gbogbo wáyà funfun tí kò léwu, kó lè bá ti Kyabram mu.

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò rántí. Òun àti Clive ń wá ibi tó bàjẹ́ lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, iná ṣì wà lára rẹ̀, Clive bi í pé èwo ni kò léwu. “Dúdú ni, mú un,” ni Noreen wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Clive mú un. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ pinnu irú wáyà tó jẹ́: ẹnì kan á fi tẹ́sítà, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí wáyà bá so mọ́ ilẹ̀, kàn án, ẹnì kejì á pe ohun tó gbọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fọwọ́ sí i.

Ojú ti Noreen láti lọ kí Clive. Ó ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fi di ọdún méjì. Bẹ́ẹ̀ ilé ọkùnrin náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Gavin Pruett, ọ̀gá ilé iṣẹ́, pè é lórí fóònù.

“Noreen, o ti parí?”

“Wáyà funfun mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbí. Mo nílò ẹnì kejì.”

“Ẹnì kejì wo lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Ṣebí ìwé wọn ní funfun ni kò léwu. Lẹ téèpù dúdú mọ́ gbogbo wọn, kó o máa lọ sílé, jàre.”

“Ìwé ò lọ́wọ́ tó máa jóná, Gavin.”

“Tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́la, màá pe àwọn oníṣẹ́ iná láti Melbourne.” Ó gé fóònù.

Ẹnì kan péré ló kù nílùú náà tó tún níwèé àṣẹ iṣẹ́ iná. Ẹ̀rù rẹ̀ ba Noreen ju ẹ̀rù iná lọ, ṣùgbọ́n ó dìde.

Clive ló ṣílẹ̀kùn fún un, ife tíì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

“Háà! Ta ni mò ń rí yìí? Mo rò pé o ti kú.”

“Mi ò tíì kú.”

“Mo rí i. Òkú kì í sanra tó báyìí.”

“Clive, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ni. Mo nílò ẹnì kejì.”

Clive gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Jẹ́ kí n wọ bàtà,” ló wí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé iṣẹ́, Noreen pa iná, ó fi àgádágodo tì í pa. Ó ń tú orí wáyà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi tẹ́sítà kan wáyà náà àti ara irin ẹ̀rọ, tó so mọ́ ilẹ̀. “Ó ké,” Clive á wí, á fọwọ́ òsì kọ ọ́ sílẹ̀, Noreen á sì lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn. Wọ́n ń bú ara wọn bíi tàtijọ́.

“Ṣé adìyẹ ló ń kọ̀wé yìí?” ni Noreen bi í.

“Ta ló fà á?”

Noreen tú orí wáyà tó kàn. Wọ́n ń bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìkọkànlélọ́gbọ̀n, Clive ní, “Kò ké.” Noreen tún un ṣe. “Kò ké.” Wọ́n tọ wáyà náà lọ: ẹni tó kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ yìí ló fi wáyà funfun gbé iná lọ síbi bọ́tìnnì, kò sì fi àmì kankan sí i. Noreen lẹ téèpù pupa mọ́ ọn, àmì pé ó ń gbé iná.

Nígbà tí wọ́n parí tí Clive fọwọ́ síwèé, Noreen ní, “Èmi ni mo ní kó o mú un. Mi ò wò ó kí n tó sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo wà níbẹ̀.” Clive rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Tẹ́sítà wà lápò èmi náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò lò ó. Kì í ṣe torí ọwọ́ ni mo ṣe ń bínú. Ogún ọdún la fi jọ jẹun ọ̀sán, Noreen. Lẹ́yìn náà, mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọkọ̀ rẹ tó ń kọjá lọ.”

“Màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Lóòótọ́, màá wá.”

“Mò ń lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Mo ti ta ilé. Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Perth.”

Noreen kó irinṣẹ́ jọ. Ó fi ọkọ̀ gbé Clive dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì padà sílé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ Ẹtì, Gavin wá bá a pẹ̀lú ìwé tí Clive fọwọ́ sí.

“Clive nìyí? Irú ẹ̀rọ yìí méjì mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Sọ fún un kó padà wá síbi iṣẹ́, iṣẹ́ wà fún un.”

“Ó ti lọ sí Perth lánàá,” ni Noreen dáhùn. “Èmi ni mo pẹ́ kí n tó lọ pè é.”