Ọ̀pá Pupa Ara Ògiri

Láti àárọ̀ ni Tẹ̀ẹ́wò, ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan tẹ́lẹ̀, ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ náà ni Àǹtí Àgbà tó ni ilé ìfọṣọ náà, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá tó ń bá a bójú tó o, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ tuntun tí Tẹ̀ẹ́wò ṣe. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Tẹ̀ẹ́wò yóò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, yóò padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kò ṣàdédé wá. Kò sí bọ́tìnnì tó rí tí kò ní tẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹ̀ ẹ́ títí tó fi so àwòrán mọ́ òǹkà: bí wọ́n bá gbé ẹrù aṣọ sórí òṣùwọ̀n iwájú ilé, ìwọ̀n rẹ̀ á wọ ojú ìwé onílà inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀pá pupa tó dúró fún ọjọ́ yẹn á sì ga sí i lójú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Tẹ́lẹ̀, bírò ni Ọ̀gá fi ń ya ọ̀pá tirẹ̀. Kódà oṣù tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ máa ń ga bí igi àgbọn.

Àǹtí Àgbà jókòó, ó kọjú sí ògiri.

"Kí n wá wo igi pupa lẹ ṣe pè mí?"

"Ẹ ní sùúrù mà," ni Tẹ̀ẹ́wò wí. "Á ga tí aṣọ bá wọlé."

Wọ́n dúró. Igi ò mira. Àfi lójijì tó fò sókè, tó tún fò, tó tún fò.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Àwọn oníbàárà ń wọ́ wá!"

Tẹ̀ẹ́wò ò pàtẹ́wọ́. Ẹrù aṣọ kan kì í ju ogún kílò lọ. Èyí tó ń wọlé yìí lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó yọjú lójú fèrèsé. Awakọ̀ wọn, Ikùn-ló-ṣíwájú, ló dúró gbọnin lórí òṣùwọ̀n, tó fa ikùn wọlé. Màmá Ọṣẹ, tó ń fọ aṣọ funfun, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tó o bá fà á wọlé, ṣé ó ń kúrò lára rẹ ni?"

"Màmá, nǹkan yìí ń purọ́ mọ́ mi. Ẹ jẹ́ n tún un gùn."

Tẹ̀ẹ́wò kúrò lójú fèrèsé. Bó bá dákẹ́, iyì rẹ̀ dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí àwòrán yìí má baà purọ́ ló ṣe so ó mọ́ òǹkà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ kọ́ nìyẹn. Awakọ̀ wa ni."

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lófuurufú.

"Irọ́ o!" ni Àǹtí Àgbà wí. "Báwo ni ògiri ṣe máa mọ ẹni tó wà níta?"

Ó dìde fùú, ó jáde, ó lé awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, òun náà sì gun orí òṣùwọ̀n tòun ti báàgì rẹ̀ lápá. Wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ fi ń bá irọ́ ogún ọdún. Ti òṣùwọ̀n yìí ò tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá ga. Ọ̀gá na apá méjèèjì bo tẹlifíṣọ̀n.

"Kí lò ń bò mọ́lẹ̀?" ni Àǹtí Àgbà bi í bó ṣe wọlé.

"Eṣinṣin ni mò ń lé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó wo òǹkà náà pẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òṣùwọ̀n yìí ò fi nǹkan kún un?"

Tẹ̀ẹ́wò yẹ òǹkà náà wò. "Kò fi kún un mà."

"Hẹn-ẹn. Ẹ pa á rẹ́ kíá!"

Ọ̀gá fa aṣọ ìnujú yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó nù ún, ó tutọ́ sí i, ó tún nù ún. Ọ̀pá ò kúrò. Tẹ̀ẹ́wò rọra pa ìlà ìkẹyìn ojú ìwé onílà náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ó pa ti awakọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pá rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Àǹtí Àgbà wo àbúrò rẹ̀ tòun ti aṣọ ìnujú, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà yẹn. Ta ló fẹ́ bá mi pa á rẹ́? Ìwọ àti itọ́ ẹ?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà.

"Tẹ̀ẹ́wò, múra sílẹ̀. Mo fẹ́ tún un gùn. Báàgì yẹn wúwo."